Télọ̀, Aṣọ Mi Dà?

Bí ẹ bá wọ àdúgbò wa tí ẹ ń wá bàbá mi, ẹ má wulẹ̀ béèrè télọ̀. Télọ̀ ti pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi gan-an wà lára wọn. Bàbá Lónìí ni kí ẹ béèrè. Ọmọ tí kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ yàtọ̀ sí òsì yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà.

Ìdí tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yẹn kò ṣòro. Bí bàbá mi bá sọ fún ènìyàn pé Ọjọ́bọ̀ ni kó wá gba aṣọ, tó bá fi máa di Ọjọ́rú, aṣọ náà ti wà lórí ìkọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́, bọ́tìnì rẹ̀ ti pé. Bí ẹni náà kò bá wá, bàbá mi á ká a sínú ọ̀rá, á gbé e lọ sílé rẹ̀. Mo ti rí i rí nínú òjò, tó fi agboòrùn bo ṣòkòtò oníṣòkòtò, tí òjò ń pa orí tirẹ̀. Èmi ọmọ rẹ̀ tó jogún iṣẹ́, n kò jogún ìwà yẹn. Kí n má purọ́ fún yín, ẹni tó ń sọ pé “ẹ padà wá lọ́la” ni mí. Ọ̀rọ̀ náà kì í tíì jáde lẹ́nu mi tán tí bàbá mi á ti gbójú sókè lórí àga rẹ̀.

“Ọ̀la wo?” ni yóò wí. “Ọ̀la ní orúkọ. Dá ọjọ́ fún wọn.”

Lójú oníbàárà o. Kò sí bí ojú ṣe máa ń tì mí tó. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ mi pé bàbá yìí kò bí mi kí n jẹ́ ọmọ, ó bí mi kó lè rí ẹni tí yóò fi ṣe kàlẹ́ńdà. Gbogbo wa la gbà pé bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn, pé inú oyún ló ti ń kánjú bọ̀. Ìyá mi, kí ó tó kú, kì í dá sí ọ̀rọ̀ náà. Á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á yíjú síbòmíràn. N kò bi í léèrè rí.

Yàrá kan ṣoṣo ni ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí títì, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí pápá ìṣeré iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló wà níbẹ̀, tábìlì tí a fi ń gé aṣọ, dígí kan tó ti sán láti òkè dé ìsàlẹ̀, àti aṣọ ìkélé tí àwọn oníbàárà ń lọ sẹ́yìn rẹ̀ láti wọ aṣọ wò. Ojú bàbá mi kò rí ihò abẹ́rẹ́ mọ́, nítorí náà èmi ni mo ń rán. Òun ń tú èyí tí mo bá rán wọ́, ó ń lọ aṣọ, ó sì ń fi ọwọ́ lásán wá ibi tí bọ́tìnì máa jókòó sí. Láti bí ọdún mélòó kan, bí àwọn ọmọ iléèwé bá ti jáde wá ṣeré báyìí, á dìde, á ti fèrèsé. Ó ní eruku ni. A ó máa làágùn nínú yàrá, èmi ò sì bá a jiyàn, torí eruku kì í ṣe ọ̀rẹ́ aṣọ funfun.

Ọmọ mi obìnrin ló tú àṣírí ọ̀rọ̀ náà láìmọ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni, Lọ́yà ni gbogbo ilé ń pè é, torí bí ẹ bá ní kó lọ sùn, á ní kí ẹ kọ́kọ́ mú ẹ̀rí wá pé ilẹ̀ ti ṣú. Òun àti bàbá mi mọwọ́ ara wọn ju bó ṣe yẹ lọ. Òun ló ń bá a ti òwú bọ abẹ́rẹ́. Òun náà ló ń sọ fún gbogbo iléèwé pé bàbá àgbà òun kò já ẹnikẹ́ni kulẹ̀ rí láyé, ẹni tó bá sì jiyàn, ó fẹ́ bá a délé ẹjọ́ nìyẹn.

Ní ọjọ́ Ajé kan, ó dé láti iléèwé, kò tíì sọ báàgì kalẹ̀ tó fi ní tíṣà àwọn ti fún àwọn níṣẹ́ ṣe. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú eré kan tí wọ́n ń kọrin sí, kó wádìí ibi tí eré náà ti ṣẹ̀ wá, kó sì mú àgbàlagbà kan wá sí pápá lọ́jọ́ Ẹtì láti wá sọ ìtàn rẹ̀.

“Eré Télọ̀ ni mo mú,” ó ní. “Bàbá àgbà ló máa bá mi lọ. Ṣebí télọ̀ ni wọ́n.”

Mo ní kí ló ń jẹ́ Eré Télọ̀. Ẹni tí ẹ̀rọ ń dún sí létí látàárọ̀ kì í gbọ́ orin ọmọdé. Ó ju báàgì sílẹ̀, ó ń ṣe é hàn mí láàárín ṣọ́ọ̀bù. Ọmọ kan á kọjú sí ògiri, òun ni télọ̀, á máa yí ọwọ́ bí ẹni ń yí ẹ̀rọ. Àwọn yòókù á lóṣòó sí òkèèrè, wọ́n á kọrin béèrè: Télọ̀, télọ̀, aṣọ mi dà? Télọ̀ á dáhùn: Ó ku ọwọ́. Wọ́n á gbé ìṣísẹ̀ kan, wọ́n á sì dìde díẹ̀ lórí ìlóṣòó. Wọ́n á tún béèrè. Ó ku ọrùn. Wọ́n á tún dìde díẹ̀ sí i. Ó ku bọ́tìnì. Bí wọ́n ṣe ń sún mọ́ ọn ni wọ́n ń ga, títí wọ́n á fi dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí wọ́n á nawọ́ sókè. Ìgbà náà ni télọ̀ á tó yíjú sí wọn: Ó ti tán, wá wọ̀ ọ́. Gbogbo wọn á pariwo pọ̀: Mo ti dàgbà, kò gbà mí! Wọ́n á sá, ẹni tí ọwọ́ bá tẹ̀ ló di télọ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo ní ẹni tó dá orin yìí sílẹ̀, ó mọ àwa télọ̀ dé inú egungun. Mo yíjú sí bàbá mi kí a lè jọ rẹ́rìn-ín. Áyọ́ọ̀nù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e lé ẹ̀yìn bùláùsì kan, kò gbé e kúrò. Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Bàbá tí kò jó aṣọ aláṣọ rí, ó jó bùláùsì tuntun lójú mi.

“Ta ló kọ́ yín ní ìyẹn?” ó bi Lọ́yà.

“Ọmọ kan tó wá láti iléèwé míì ni, nígbà tí mo wà ní kíláàsì kìíní. Gbogbo wa la ti mọ̀ ọ́n báyìí, Bàbá àgbà.”

“Mú ẹlòmíì lọ. Èmi ò lọ.”

“Ṣùgbọ́n, Bàbá àgbà, ẹ̀yin lẹ...”

“Mo ní n kò lọ.”

Kò fi irú ohùn bẹ́ẹ̀ bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ rí. Lọ́yà fi ẹjọ́ rẹ̀ lé ẹkún lọ́wọ́, ó sun ún dé ilé. Kò jẹun alẹ́, bàbá mi náà kò jẹ. Èmi nìkan ni mo dá jókòó ti oúnjẹ, inú ń bí mi sí àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ tí ọmọ ti lọ síléèwé, mo pa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé, mo gbé àga síwájú bàbá mi. Mo ní, “Bàbá, ẹ jó aṣọ aláṣọ, ẹ pa ọmọ mi lẹ́kún. Kí ni eré ọmọdé fi ṣe yín?”

Ó ń wé tépù mọ́ ìka, ó ń tú u, ó tún ń wé e.

“Èmi ni télọ̀ yẹn,” ó ní.

Mo rò pé àwàdà ni. Mo ní ta ni kì í ṣe télọ̀ yẹn, ṣé èmi kọ́. Ó mi orí. Ó ní òun kò sọ pé òun dà bí i. Òun ni wọ́n fi kọ ọ́.

Ní àdúgbò tí wọ́n bí mi sí, ẹ̀gbẹ́ iléèwé náà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, òun ló sì ń rán yunifọ́ọ̀mù. Wọn kì í pè é ní Bàbá Lónìí níbẹ̀. Ó-Ku-Bọ́tìnì ni wọ́n ń pè é. Ó ní òun kì í mọ bí wọ́n ṣe ń sọ pé iṣẹ́ ti pọ̀ lọ́wọ́ òun. Ẹni tó ń gbéyàwó, ẹni tó ń lọ sọ́fíìsì, òun á gba ti gbogbo wọn, ẹni tí ohùn rẹ̀ bá sì le jù ni òun á rán tirẹ̀. Ọmọdébìnrin kan wá dé, kò ju Lọ́yà lọ. Òun àti ìyá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí àdúgbò ni. Ìyá náà ń gbálẹ̀ ní ọsibítù, kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ń jáde, nítorí náà ọmọ ló ń dá wá béèrè aṣọ. Iléèwé sì ti ní ẹni tí kò bá ní yunifọ́ọ̀mù kò gbọdọ̀ wọ gétì.

“Mo wọ̀n ọ́n,” bàbá mi ní. “Mo ní kó padà wá lọ́la. Ó wá. Mo ní ó ku ọwọ́.”

“Ṣé ó ku ọwọ́ lóòótọ́?”

“N kò tíì gé e. Aṣọ náà ṣì wà nínú ọ̀rá tí ìyá rẹ̀ fi gbé e wá.”

Nínú iṣẹ́ tiwa, irọ́ yẹn kò tíì tó irọ́. Èmi náà ń pa á, kò sì dí mi lọ́wọ́ oorun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Aṣọ kan náà, àwọ̀ kan náà ni gbogbo yunifọ́ọ̀mù. Bí ọmọ náà bá ti yọ, bàbá mi á nawọ́ mú ti ọmọ ẹlòmíì tó ti rán dé àárín, á gbé e sókè fún un: tìẹ rèé, wò ó, ọwọ́ nìkan ló kù. Ọmọ náà á fọwọ́ pa á. Á ní kí wọ́n jẹ́ kí òun rí àpò rẹ̀. Inú rẹ̀ á dùn, á dúpẹ́, á wá jókòó sórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀bù, á máa wo àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń wọlé.

Níbẹ̀ ni orin ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹ̀rọ ṣe ń dún ni ọmọ náà ń gbe ohùn tẹ̀ lé e: Télọ̀, télọ̀, aṣọ mi dà? Bàbá mi, ẹni tó jẹ́ aláwàdà nígbà náà, fi orin dá a lóhùn: Ó ku ọwọ́. Àwọn oníbàárà tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, ọmọ tún kọ ọ́, bàbá mi tún dá a lóhùn: Ó ku ọrùn. Àwọn ọmọ tó ń jáde níléèwé dúró ti ọmọ náà, àwọn náà ń gbe e. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í lóṣòó, tí wọ́n ń dìde, tí wọ́n ń sá.

“Ó dùn mọ́ mi,” bàbá mi ní. “Mo máa ń retí rẹ̀. Bí èrò bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, èmi gan-an á ní kó kọ ọ́. Ọmọ tó yẹ kó wà ní kíláàsì, mo fi ń dá àwọn oníbàárà mi lára yá.”

Ìgbà tó wá gé aṣọ náà, ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ti ń múra ìdánwò ìparí ọdún. Ìwọ̀n àtijọ́ ló fi gé e. Ó pè é lójú gbogbo ènìyàn pé kó wá wọ̀ ọ́, ó fẹ́ kí wọ́n rí i pé òun náà máa ń parí nǹkan. Aṣọ há sí i léjìká. Etí rẹ̀ wà lókè orúnkún. Ọmọ náà nawọ́ sókè kó lè fà á wálẹ̀, abíyá rẹ̀ ya. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó wà lórí àtẹ̀gùn pariwo pé ó ti dàgbà, kò gbà á.

“Èmi náà rẹ́rìn-ín,” bàbá mi ní. “Ó bọ́ ọ. Ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí tábìlì. Ó ní, ‘Ẹ ṣé, sà.’ Ó bá lọ.”

Ọmọ náà kò padà wá mọ́, orin ni kò lọ. Wọ́n ń kọ ọ́ lẹ́yìn bàbá mi tó bá ń kọjá, àwọn ìyá wọn á máa rẹ́rìn-ín, á dà bíi pé ẹnu ọmọ náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Nígbà tí kò lè gbà á mọ́, ó kó wa kúrò ní àdúgbò.

“Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín,” ó ní. “Èmi ò kú. Mo kàn kó ẹrù ni.”

Ohun tí èmi gbọ́ láti kékeré ni pé onílé ló lé wa jáde. Mo ti ṣépè fún onílé yẹn tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé, bó bá ti kú, èmi ni kí wọ́n wá mú. Ọkùnrin náà kò mọwọ́, kò mẹsẹ̀. Àṣegbé kan ò sí, àṣepamọ́ ló wà. Mo máa ń fi òwe yẹn bá àwọn aládùúgbò wí, n kò mọ̀ pé ilé wa gan-an ló ń bá wí.

Ojú tì mí. Ọmọ ọwọ́ ni mí nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀, kò sí ohun tó kàn mí níbẹ̀, síbẹ̀ ojú tì mí bíi pé èmi ni mo rán aṣọ náà. Bàbá yìí ni mo ti fi ń yangàn. Gbogbo sísáré nínú òjò yẹn, gbogbo “dá ọjọ́ fún wọn” yẹn, n kò mọ̀ pé ẹni tí nǹkan ń lé ni mo ń wò. Mo wá ṣe ohun tí ẹni tójú ń tì máa ń ṣe, mo wá irọ́.

“Ẹ bá ọmọ náà lọ,” mo ní. “Ẹ sọ pé ayé àtijọ́ ni, pé ẹnu àwọn àgbà lẹ ti gbọ́ ọ. Ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?”

“Orin yẹn ò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.”

“Bàbá, àwọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Lójú tiwọn, ẹ̀yin gan-an ni ayé àtijọ́.”

Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó gbà. Nígbà tí Lọ́yà dé, ó sọ fún un pé òun máa lọ. Ọmọ náà dì mọ́ ọn lọ́rùn títí mo fi ní kó má fún bàbá mi lọ́rùn pa.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n to bẹ́ńṣì sábẹ́ igi fún àwọn àgbà, àwọn òbí dúró lẹ́yìn. Àwọn oníbàárà mi pọ̀ nínú wọn. Ìyá àgbà kan sọ̀rọ̀ nípa okùn fífò, ó dìde kó fò ó, orúnkún rẹ̀ kọ̀, gbogbo wa rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Ló bá kan bàbá mi. Tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bíi pé gbogbo ayé jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀, dìde dúró.

“Kò sẹ́ni tí kò mọ Bàbá wa yìí,” ó ní. “Bàbá Lónìí, télọ̀ tí kì í yẹ àdéhùn. Ẹ̀yin ọmọ, irú èèyàn tó yẹ kẹ́ ẹ fara wé nìyí. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún wọn.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo rí i tí orí bàbá mi wálẹ̀. Ká ní wọ́n bú u ni, bóyá irọ́ tí mo kọ́ ọ ì bá rọrùn fún un láti pa.

Àwọn ọmọ ní kó kọ́kọ́ bá àwọn ṣeré náà kó tó sọ ìtàn. Lọ́yà fà á lọ́wọ́ dé ibi ògiri, òun náà sáré padà sí àárín ẹgbẹ́ rẹ̀, gbogbo wọn lóṣòó. Télọ̀, télọ̀, aṣọ mi dà? Bàbá mi kọjú sí ògiri, kò yí ọwọ́. Wọ́n rò pé kò gbọ́, wọ́n tún un kọ sókè sí i. Télọ̀, télọ̀, aṣọ mi dà?

“N kò tíì gé e,” bàbá mi ní. Kò fi orin sí i.

Àwọn ọmọ wo ara wọn. Lọ́yà rọra pè é láti orí ìlóṣòó rẹ̀: “Bàbá àgbà, ó ku ọwọ́ lẹ máa sọ.”

“Mo mọ̀. Irọ́ ni. N kò tíì gé e.”

Ó yíjú sí wọn, ó sọ ọ́. Kò fi ohun kan pa mọ́ nínú èyí tó sọ fún mi, àní ó bu kún un. Ó fi ọwọ́ ṣe bó ṣe máa ń gbé aṣọ ọmọ ẹlòmíì sókè. Ó sọ bó ṣe máa ń ní kí ọmọ náà kọrin fún èrò. Nígbà tó dé ibi tí abíyá aṣọ ti ya, ọmọkùnrin kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín, ó pa ẹnu dé. Oníbàárà mi kan wò mí, ó yára wo bàtà rẹ̀. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu kó gbé mi mì. Ó ń dùn mí pé bàbá mi ń sọ ọ́, ó sì tún ń dùn mí pé èmi ni mo ní kó má sọ ọ́.

Tíṣà fẹ́ fi ọgbọ́n kó ọ̀rọ̀ náà nílẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé gan-an, Bàbá. Ẹ̀kọ́ ńlá nìyẹn.” Ó ti ń wo ẹni tó kàn. Ṣùgbọ́n Lọ́yà ti nawọ́ sókè, bí wọ́n ṣe ń ṣe ní kíláàsì.

“Ọmọ náà dà?” ó bi bàbá mi.

“N kò mọ̀.”

“Ṣé ẹ wá a lọ sílé wọn?”

“N kò wá a.”

“Ṣé ẹ ò mọ ilé wọn ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù.” Mo rò pé á dúró síbẹ̀, mo tiẹ̀ ń bẹ Ọlọ́run nínú mi pé kó dúró síbẹ̀. “Nígbà tí kò wá mọ́, ara tù mí. Mo ní ó dáa, n kò ní máa rí i lórí àtẹ̀gùn mọ́.”

Ìyẹn kò sí nínú ohun tó sọ fún mi ní ṣọ́ọ̀bù. Lọ́yà, ẹni tí kì í gba ìdáhùn kan láìbi òmíràn, sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀, ó sì jókòó sórí ilẹ̀.

Nígbà tí à ń padà lọ sílé, ó ń dá lọ níwájú. Bàbá mi kò pè é. Lálẹ́, bí mo ṣe ń bá Lọ́yà dirun, ó bi mí bóyá mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ní láàárín ọ̀sẹ̀ yìí ni mo mọ̀. Ó ní kí ni mo wá sọ fún bàbá àgbà nígbà tí mo gbọ́. Mo ní kó gbé orí dúró dáadáa, kí n lè rí ìlà irun.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, mo gbọ́ orin láti pápá, torí bàbá mi kò dìde ti fèrèsé. Eré kan náà ni, ó dé ibi tí aṣọ kò ti gbà wọ́n. Dípò kí wọ́n sá, wọ́n dúró gbọn-in. Gbogbo wọn kọ ọ́ pọ̀: Télọ̀, télọ̀, ọmọ náà dà? Ẹni tó jẹ́ télọ̀ dáhùn: N kò wá a. Ìgbà náà ni wọ́n tó sá.

Inú bí mi débi pé mo fi ẹ̀rọ rán etí ọwọ́ aṣọ ara mi pọ̀ mọ́ síkẹ́ẹ̀tì oníbàárà. Bí Lọ́yà ṣe wọlé ni mo dì í létí mú.

“Bàbá rẹ àgbà lò ń fi kọrin níta?”

“Kì í ṣe èmi nìkan,” ó ní, omi ti wà lójú rẹ̀. “Bí a ṣe ń ṣeré náà nìyẹn báyìí. Ìyẹn ló kù níbẹ̀, a ò sì mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni.”

“Fi etí ọmọ sílẹ̀,” bàbá mi ní láti orí àga. “Òótọ́ ló sọ. Ìyẹn ló kù níbẹ̀.”

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá ti jáde níléèwé, àwọn ọmọ á dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa, wọ́n á béèrè. Kò sí èébú nínú rẹ̀ o, ọmọdé ni wọ́n, wọ́n rí télọ̀ inú orin lójúkojú, wọ́n sì mọ̀ pé á dáhùn. Ó sì ń dáhùn. Télọ̀, télọ̀, ọmọ náà dà? N kò wá a. Wọ́n á sá lọ pẹ̀lú ẹ̀rín. Mo ní kí n lé wọn, ó ní kí n má lé wọn. Mo ní kí n lọ bá tíṣà wọn, ó ní kí ni mo fẹ́ sọ fún un. Lọ́yà kì í bá wọn béèrè, ṣùgbọ́n á dúró lẹ́yìn wọn, á máa wo ẹnu bàbá mi bó ṣe ń dáhùn. Ìyẹn ló ń pa á. Mo rí i lójú rẹ̀ pé ó lè gba orin náà lẹ́nu gbogbo ayé, àfi ojú ọmọ yẹn.

Obìnrin kan tó wá gba aṣọ gbìyànjú àwàdà náà. Ó na ọwọ́ sí bàbá mi, ó ní, “Bàbá, ọmọ náà dà?” ó sì ń rẹ́rìn-ín kèkè. Mo ká aṣọ rẹ̀ láìtíì rán an tán, mo kó o lé e lọ́wọ́, mo ní kó wá télọ̀ tí kò ní ìtàn. Bàbá mi bá mi wí. Ó ní òun àti irú obìnrin yẹn ló jọ rẹ́rìn-ín nígbà kan, kí ló dé tí n ò lé òun náà jáde.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ mi. Ó jókòó títí di ìrọ̀lẹ́ láìkan bọ́tìnì kankan.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ṣọ́ọ̀bù, àga rẹ̀ ṣófo. Mo rò pé ó lọ ra òwú. Nígbà tí oòrùn mú, mo bi ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní ẹ̀gbẹ́ wa. Ó ní bàbá mi ti kọjá láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú bàtà tó máa ń wọ̀ jáde, ó sì ní kí òun bá a wo nọ́ńbà ọkọ̀, torí ojú rẹ̀ kò ká a. Ọkọ̀ tó ń lọ sí àdúgbò wa àtijọ́ ni.

Mo jókòó ti ẹ̀rọ, n kò rán nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí, inú sì ń bí mi. Ta ló ń wá ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn tí ọmọ náà ti di ìyá ọlọ́mọ, bó bá wà láyé? Bí wọ́n bá ti wó ilé yẹn ńkọ́? Bí ó bá rí i, tí obìnrin náà ní òun kò fẹ́ rí i, ta ló máa mú un lọ́wọ́ wọ ọkọ̀ padà? Mo bínú sí i pé kò sọ fún mi, mo sì mọ ìdí tí kò fi sọ fún mi. Ìgbà tó sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan, irọ́ ni mo fún un mú lọ.

Àwọn ọmọ dé lásìkò wọn, Lọ́yà wà lẹ́yìn wọn. Wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n kọ ọ́: Télọ̀, télọ̀, ọmọ náà dà? Kò sí ìdáhùn. Wọ́n yọjú wo àga, wọ́n wò mí. Èmi náà ṣáà ni télọ̀.

“Ó ti wá a lọ,” mo ní.

Wọn kò sá. Ìyẹn kò sí nínú eré, wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Èyí tó kéré jù nínú wọn fa Lọ́yà láṣọ, ó bi í pé ṣé kí àwọn sá ni àbí kí àwọn dúró. Lọ́yà wo àga, ó wo ojú títì níbi tí ọkọ̀ ti ń já èrò sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n dúró.